Kò Sí Egungun Lọ́fun Tanímọ̀la

Ẹ kò lè gbé l'Ájà kẹ́ ẹ má mọ bí gúrúùpù Wásáàpù àdúgbò ṣe ń rí. Iná lọ, wọ́n á sọ. Iná dé, wọ́n á sọ. Ẹni tí omi ò yọ nílé ẹ̀ á fẹ́ mọ̀ bóyá omi ń yọ nílé ẹlòmíràn, kó lè mọ̀ bóyá kóun bínú tàbí kóun ní sùúrù.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Fúráìdeè kan, ní òpópónà kékeré kan tí kò jìnnà sí oríta Abraham Adésànyà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iná. Fèyíkẹ́ ló gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin aládùúgbò. Tanímọ̀la ò jẹun láti àná. Ẹnu ẹ̀ ò ṣe é pa dé. Ẹni tó bá ráyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà wò ó lẹ́nu géètì wa."

Ajá ni Tanímọ̀la, ọmọ kékeré tí kò tíì pé oṣù márùn-ún. Abẹ́ àwọn pákó tó wà nínú ilé tí Alàgbà Ògúnkúnlé ń kọ́ lọ́wọ́ ni ìyá ẹ̀ bí i sí. Ọkọ̀ pa ìyá náà lójú títì ńlá, àwọn ọmọ yòókù kú, òun nìkan ló ṣẹ́kù. Alàgbà sọ ọ́ lórúkọ, òpópónà sì gbà á tọ́. Ilé yìí á fún un ní ìrẹsì, ilé tọ̀hún á fún un ní orí ẹja.

"Ajá gbogbo wa" ni wọ́n ń pè é. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá di ká bá a ya fọ́tò, ajá gbogbo wa ni. Tó bá wá di ká gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ta ló ni ín? Kì í kúkú ṣe pé wọ́n burú. Olúkúlùkù wọn rò pé ẹnìkan ti bá wọn ṣe é ni, kò sì sí ẹni tó béèrè.

Fèyíkẹ́ yìí, iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Lẹ́kkí ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé ló sì ti máa ń ṣe é lọ́jọ́ Fúráìdeè. Obìnrin tó lójú àánú ni. Ẹnu ẹ̀ náà ò sì gbẹ́yìn. Bó bá ní kẹ́ ẹ ṣe nǹkan, ẹ ó ti ṣe é tán kẹ́ ẹ tó rántí pé ẹ ò fẹ́ ṣe é.

Alàgbà Ògúnkúnlé ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àwọn sì ni alága òpópónà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹ ajá náà wò bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ ìwé ọmọléèwé wò.

"Fèyíkẹ́, wo bí itọ́ ṣe ń dà lẹ́nu ẹ̀. Wo bí àgbọ̀n ẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀. Kò lè gbé nǹkan mì. Egungun ló há a lọ́fun."

"Egungun kẹ̀, Bàbá?"

"Ta ló fún un ní ẹja lọ́jọ́ mẹ́ta yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀yà!" Fèyíkẹ́ káwọ́ lérí. "Èmi ni. Orí ẹja ni mo fún un."

Tanímọ̀la fẹ́ gbó, ohùn ẹ̀ kò jáde dáadáa, ó há.

"O ò gbọ́ ohùn ẹ̀?" ni Alàgbà wí. "Mo ti sọ fún ẹ."

Ó dáa, tí egungun ẹja bá há ọmọ Yorùbá lọ́fun, kí la ń ṣe? Ṣebí òkèlè ni. Wọ́n á ní kó gbé òkèlè ẹ̀bà ńlá kan mì láìjẹ ẹ́, kó lè ti egungun náà lọ sísàlẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń bá a bọ̀. Àwọn dókítà ò tilẹ̀ fẹ́ ká máa ṣe é fún èèyàn, ká má tíì sọ ti ajá. Ṣùgbọ́n Fèyíkẹ́ ò bi dókítà. Ó wọ kíṣìnnì lọ, ó te ẹ̀bà, ó fi epo pupa pa òkèlè kan kó lè yọ̀ wọlé.

Ta ni yóò wá fi í sí i lẹ́nu? Alàgbà wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n fi sápò.

"Jàmíù!" ni Fèyíkẹ́ pè.

Jàmíù ló ń bá a fi táìlì sí kíṣìnnì. Ọmọkùnrin láti Ìkirè ni, ó ń sùn sílé Alàgbà tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni Tanímọ̀la máa ń sùn sí. Ó jáde pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lọ́wọ́.

"Ọ̀rẹ́ ẹ ni. Wá bá wa ki òkèlè yìí bọ̀ ọ́ lẹ́nu."

"Àǹtí, ṣé kò ní gé mi jẹ báyìí?"

"Tanímọ̀la? Tanímọ̀la tí ò lè pa ẹnu dé? Jọ̀ọ́, wá. Èmi ni mo máa di orí ẹ̀ mú."

Jàmíù fi omi ṣan sìmẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́. Ìka ẹ̀ ti sán káàkiri, bí ìka oníṣẹ́ táìlì ṣe máa ń rí. Ó ki òkèlè bọ ajá náà lẹ́nu, ó tì í, ó tún tì í. Tanímọ̀la fẹ́ bì, ó gbọn orí, eyín ẹ̀ kan sì họ Jàmíù ní àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀. Òkèlè bọ́ sílẹ̀, ó kún fún itọ́.

"Ẹ̀yà, pẹ̀lẹ́," ni Fèyíkẹ́ wí. Ó na tíṣù sí i, ó sì yíjú padà sí ajá. Jàmíù nu ọwọ́, ó padà sídìí táìlì ẹ̀. Itọ́ ajá wà lọ́wọ́ Fèyíkẹ́ náà, àní lára ìka tó fi ọ̀bẹ gé nígbà tó ń rẹ́ àlùbọ́sà láàárọ̀. Ó fi aṣọ nù ún.

"Iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà," ni Alàgbà wí. "A máa dá owó."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fèyíkẹ́ ní kí Jàmíù gbé ajá náà lé ẹsẹ̀, ó ya fọ́tò wọn, ó sì fi sórí gúrúùpù. "Ajá wa ń kú lọ o. Egungun há a lọ́fun. Dókítà ẹran kan wà lọ́nà Sángótẹ̀dó. Ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́. Nọ́ńbà àkáǹtì nìyí."

Ẹnìkan dáhùn pé, "Ajá? Nínú ìlú tí ọmọ èèyàn ò rí jẹ?" Kò pẹ́ tí ẹni náà fi owó ránṣẹ́, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ìyá kan kọ̀wé pé, "Olúwa á wò ó sàn." Fèyíkẹ́ fèsì pé, "Àmín, ma. Àkáǹtì wà lókè." Gbogbo gúrúùpù rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, owó ti pé, ó tilẹ̀ ti lé.

Jàmíù parí iṣẹ́, Fèyíkẹ́ san owó ẹ̀ fún un. Ó yọ díẹ̀ nínú ẹ̀, ó dá a padà.

"Àǹtí, ẹ fi tèmi kún un."

"Jàmíù! Ìwọ náà?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀gá Ràṣídì tá a jọ ń to táìlì ní ká máa bọ̀ níbi iṣẹ́ kan ní Free Zone, lọ́nà Ìbẹ̀jú, mi ò ní sí nílé lọ́la. Ẹ bá mi kí i."

Inú Fèyíkẹ́ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. Ó sọ fún ọkọ ẹ̀ pé ọmọ gidi ni ọmọ yẹn.

Ọjọ́ kejì, ó gbé Tanímọ̀la sínú páálí, ó wà á lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà Mọ̀nsúrát ni wọ́n ń pe dókítà náà, obìnrin kúkurú kan tó wé ìborùn, tí kì í kánjú. Bí Fèyíkẹ́ ṣe fẹ́ gbé ajá jáde nínú páálí, ó ní:

"Ẹ dúró ná, Àǹtí. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Kò ki ọwọ́ bọ ajá náà lẹ́nu. Ó kàn jókòó, ó ń wò ó. Ó bu omi síwájú ẹ̀. Tanímọ̀la sún mọ́ omi náà, ó ti ẹnu bọ̀ ọ́, omi ń dà padà, kò lè gbé e mì.

"Ta ló fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára?"

"Àwọn Alàgbà ni, mo rò."

"Ẹ bá mi bi wọ́n."

Fèyíkẹ́ tẹ Alàgbà láago. "Èmi kẹ̀?" ni Alàgbà wí. "Ìwọ ni mo rò pé o ti ṣe é. Ṣebí ìwọ lo ní mọ́tò tó ń gbé e kiri."

Dókítà mi orí. "Ṣé ajá míràn ti gé e jẹ rí?"

"Ó bá àwọn ajá ìgboro jà nídìí ààtàn, ó ti tó oṣù kan. Ó họ díẹ̀ létí, ó sì ti jiná."

"Àǹtí, kò sí egungun lọ́fun ajá yìí. Ẹ bá mi dáhùn ìbéèrè kan. Ta ló ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu?"

Ẹ gbọ́ ohun tí Fèyíkẹ́ wí. Ó rò ó pé tóun bá sọ pé ajá họ èèyàn, wọ́n lè ní àwọn máa pa á. Ó rántí gbogbo owó tí òpópónà dá, ó rántí bí wọ́n ṣe ń retí fọ́tò Tanímọ̀la tára ẹ̀ ti yá.

"Kò sí," ló wí. "Kò sẹ́nì kankan."

Dókítà ò bínú, ó kàn rọra sọ̀rọ̀. "Mi ò béèrè nítorí ajá. Tí mo bá ń fura dáadáa, ajá ti tán, kò sí ohun tí èmi tàbí owó yín lè ṣe. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu ni mo ń wá. Ẹni yẹn ṣì lè yè."

Fèyíkẹ́ wo Tanímọ̀la. Ó wá ibi tí yóò jókòó sí.

"Jàmíù ni," ló wí. "Oníṣẹ́ táìlì mi. Èmi ni mo rán an. Èmi ni mo di orí ajá mú."

"Ó ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Dìgbòlugi ni mo ń fura sí."

"Dìgbòlugi? Dókítà, ajá dìgbòlugi á máa sáré kiri, á máa gé tọmọdé tàgbà jẹ ni. Èyí jókòó jẹ́ẹ́."

"Oríṣi kan wà tó ń ya wèrè, oríṣi kan wà tó ń dákẹ́. Èyí tó ń dákẹ́ ló ń tan èèyàn jẹ jù, torí èèyàn á sún mọ́ ọn láti ṣàánú ẹ̀. Inú itọ́ ajá ni àrùn náà ń gbé. Ó máa ń ba iṣan ọ̀fun àti àgbọ̀n jẹ́. Ajá ò ní lè gbé nǹkan mì, itọ́ á máa dà, ohùn á há. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló máa ń ní egungun ni. Ẹ wá síbí."

Ó fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fún un lọ́ṣẹ. Ó ní kó fọ ọwọ́ ẹ̀ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, kó máa fọ̀ ọ́ lọ fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fèyíkẹ́ fi ìka tí ọ̀bẹ gé hàn án, ó ń fọ ọwọ́, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Ẹ̀yin náà máa gba abẹ́rẹ́, nítorí ìka tẹ́ ẹ gé yẹn," ni Dókítà wí. "Ṣùgbọ́n Jàmíù ló jù. Ẹ wá a lónìí. Ẹ má fi di ọ̀la. Ajá yìí máa wà lọ́dọ̀ mi níbi tí kò ti ní kan ẹnikẹ́ni. Màá máa pe àwọn ilé ìwòsàn kiri láti mọ ibi tí abẹ́rẹ́ náà wà."

Fóònù Jàmíù ò lọ. Fèyíkẹ́ pè é, ó tún pè é, obìnrin inú fóònù náà ló ń dá a lóhùn. Fèyíkẹ́ ò tilẹ̀ padà sílé mọ́. Ó kọrí sọ́nà Ìbẹ̀jú, ó ń bá àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí èbúté du ọ̀nà. Ẹni tó bá bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ó mọ̀ pé òun lòun bí èyí.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Free Zone pọ̀ bí nǹkan míì. Ó béèrè títí kó tó rí ilé tí Ọ̀gá Ràṣídì ti ń ṣiṣẹ́. Jàmíù wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń to táìlì.

"Àǹtí! Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé táìlì ti ṣí ni?"

"Táìlì ò ṣí. Jàmíù, jẹ́ kí n rí ọwọ́ ẹ."

Ojú ibi tí eyín ajá ti họ ọ́ ti gbẹ. Sìmẹ́ńtì ti dì mọ́ ọn.

Fèyíkẹ́ ṣàlàyé. Jàmíù gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín. "Ajá ò gé mi jẹ, Àǹtí. Èmi ni mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kì í ṣe pé ó bínú sí mi. Ẹ wò ó, ó ti jiná."

Ọ̀gá Ràṣídì náà dá sí i. Bàbá tó ti dàgbà díẹ̀ ni, ará Ìwó. "Ẹ má dààmú ara yín, màdáámù. Ìyẹn ò tó nǹkan. Nílé wa, irun ajá yẹn la máa gé, a ó jó o, a ó fi pa ojú ọgbẹ́. Ó tán."

"Ọ̀gá, ẹ dákun, kò tán. Jàmíù, dìde, mọ́tò mi wà níta."

Jàmíù ò dìde. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. Lánàá, gbogbo òpópónà dá owó fún ajá. Èmi náà dá. Èmi ni mo gbé e lẹ́sẹ̀ nínú fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ọwọ́ mi ti ṣẹ̀jẹ̀ nígbà yẹn. Kò sẹ́nì kan tó béèrè ọwọ́ mi. Ìgbà tẹ́ ẹ wá gbọ́ pé ajá ò ní yè lẹ wá rántí mi?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Fèyíkẹ́ dé eegun.

"Òótọ́ lo sọ," ló wí. "Mi ò béèrè. Tíṣù ni mo fún ẹ, mo sì yíjú sí ajá. Mo ṣẹ̀ ẹ́, Jàmíù, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, bínú sí mi nínú mọ́tò. Bínú sí mi títí dọ̀la. Ṣáà jẹ́ ká máa lọ."

Ó pe Dókítà Mọ̀nsúrát, ó jẹ́ kí ohùn ẹ̀ jáde síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Jàmíù, ẹ n lẹ́ o," ni Dókítà wí. "Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ki ọwọ́ bọ ajá lẹ́nu, pé òun kọ́ ló wá bá yín. Àrùn yẹn ò mọ ẹni tó wá bá ẹnìkejì. Itọ́ kan ẹ̀jẹ̀, ó ti tó."

"Ṣùgbọ́n ara mi le, Dókítà."

"Ara yín máa le. Àrùn náà lè sùn lára èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè sùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ ó máa jẹ, ẹ ó máa mu, ẹ ó máa to táìlì yín. Ọjọ́ tó bá jí, tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, kò sí dókítà tó lè wò ó mọ́. Wọ́n á kàn máa wò yín ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gba abẹ́rẹ́ nísinsìnyí tó ń sùn, kò ní jí. Ọwọ́ yín ló wà."

Ọ̀gá Ràṣídì ló tún bẹ̀rẹ̀. "Dókítà, àwa tí wọ́n fi irun ajá pa lára nígbà tá a wà lọ́mọdé, tá a ò kú ńkọ́?"

"Ajá tó gé yín jẹ ò ní àrùn ni, Bàbá. Ẹni tí ajá tó gé e jẹ ní in ò sí níbí láti sọ tiẹ̀. Irun jíjó, epo, ata, iyọ̀, ìkankan nínú wọn kì í pa á. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́."

Ọ̀gá Ràṣídì wo Jàmíù, ó wo táìlì tó kù nílẹ̀.

"Dìde," ló wí. "Táìlì ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ. Owó iṣẹ́ òní, màá san án fún ẹ. Kí ni màá sọ fún ìyá ẹ n'Íkirè?"

Ó mú Jàmíù lọ sídìí táǹkì omi fúnra ẹ̀, ó bá a wá ọṣẹ, ó dúró tì í títí tó fi fọ ọwọ́ ẹ̀ tó. Nígbà tí mọ́tò dé ìtòsí Sángótẹ̀dó, Jàmíù béèrè pé, "Tanímọ̀la, ṣé ó ń jẹ̀rora?" Fèyíkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń jẹ̀rora.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ò ní abẹ́rẹ́ náà. Dókítà Mọ̀nsúrát ti bá wọn wá èkejì. Níbẹ̀, wọ́n fún Jàmíù ní abẹ́rẹ́ lápá, wọ́n tún fún un ní irú kan yí ojú ọgbẹ́ ká. Ó pariwo, Fèyíkẹ́ náà pariwo nígbà tó kàn án. Nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá fún wọn. Ó ní tí wọ́n bá fo ọ̀kan nínú ẹ̀, a jẹ́ pé wọn ò tíì gba nǹkan kan.

Owó tí òpópónà dá ni Fèyíkẹ́ fi sanwó ẹ̀. Ó sọ ọ́ sórí gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò fi ohun kankan pa mọ́, títí kan irọ́ tó kọ́kọ́ pa fún Dókítà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ṣì ráyè kọ̀wé pé, "Ṣùgbọ́n ajá la dá owó fún"?

Alàgbà Ògúnkúnlé ló dá a lóhùn, ohùn wọn kò sì le bíi tàtẹ̀yìnwá. "Èmi ni mo sọ pé egungun ni. Mo fọwọ́ sọ̀yà bí ẹni pé mo rí i. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ èèyàn níwèé, mi ò kọ́ nípa ajá rí. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ẹ̀ padà, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ̀yin ará, ìkankan nínú wa ò dá owó nígbà tí abẹ́rẹ́ ajá ṣì lè ṣe é lóore." Kò sẹ́ni tó wá gba owó.

Tanímọ̀la kú lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Dókítà fi ọpọlọ ẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, èsì sì padà dé. Fèyíkẹ́ wà níbi iṣẹ́ nígbà tí Dókítà pè é. Dìgbòlugi ni, kò sí iyèméjì.

Ó dìde lórí àga, ó jáde síta, ó pe Jàmíù.

"Jàmíù, èsì ti dé. Òun ni."

Fèyíkẹ́ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gé táìlì lẹ́yìn Jàmíù.

"Àǹtí," ló wí, "mo ti fẹ́ má lọ gba ti ọ̀la. Mo ti sọ fún Ọ̀gá pé ara mi ti le."

"Ṣé wàá lọ?"

"Màá lọ. Àǹtí, tẹ́ ẹ ò bá wá lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Fèyíkẹ́ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, ó ń sunkún lójú àwọn tó ń kọjá, kò sì bìkítà.

Jàmíù gba gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé. Ara ẹ̀ dá, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ. Fèyíkẹ́ náà gba tiẹ̀. Wọ́n fi ìyókù owó náà fún gbogbo ajá tó wà ní òpópónà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ti onílé àti ti aláìnílé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìdí tá a fi sọ ìtàn yìí nìyí. Bí ajá bá ti pé ọmọ oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kẹ́ ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ ajá gbogbo òpópónà, ẹ yan ẹnìkan tí yóò máa gbé e lọ, kẹ́ ẹ dá owó náà nígbà tára ajá ṣì le. Bí ajá tàbí ológbò kò bá lè gbé nǹkan mì, tí itọ́ ń dà, tí ohùn há, ẹ má wá egungun kankan. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní òkèlè. Ẹ sé e mọ́ ibi tí kò ti ní kan èèyàn, kẹ́ ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ má sì pa á sọnù láìjẹ́ kí dókítà rí i.

Bí ajá bá gé yín jẹ, bó họ yín, bí itọ́ ẹ̀ kan ojú ọgbẹ́ yín, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré sí, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Lẹ́yìn ẹ̀, ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bó ti lé ní ọjọ́ mélòó kan, ẹ ṣì lọ. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà pé, kódà bí ara bá dá ṣáká. Bí dókítà bá sì béèrè ẹni tó fọwọ́ kan ajá, ẹ sọ òótọ́, nítorí ẹ̀mí ẹni yẹn ló ń béèrè.

Ẹ má fi àánú ẹran sílẹ̀ o, ó yẹ ọmọ èèyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi fọ́tò ajá aláìsàn ránṣẹ́ sí yín pé kẹ́ ẹ dá owó, kẹ́ ẹ tó wo nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé ajá náà lẹ́sẹ̀ pé, "Ìwọ ńkọ́, ọwọ́ ẹ dà?"